Ògiri Tí Ń Làágùn: Ikọ́ Ọmọ àti Ọ̀rinrin Inú Ilé Àtijọ́

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, n kò ní sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, n kò sì ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa oògùn. Ọ̀rọ̀ ilé ni mo mú wá. Ẹ má ṣe rò pé nọ́ọ̀sì ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó wá ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ògiri lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilé àtijọ́ láti tún un ṣe níláti yẹ ògiri rẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ aláìsàn wò.

Ní dìsìpẹ́ńsárì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ẹdẹ níhìn-ín, bí òjò bá ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹwàá, àwọn ìyá tí ń gbé ọmọ oníkọ́ wá kì í lóǹkà. "Nọ́ọ̀sì, ó ti lo oògùn ikọ́ ìgò méjì." "Nọ́ọ̀sì, ara rẹ̀ máa ń dá lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, ikọ́ ti dé." Nígbà kan rí, ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé: ọjọ́ mélòó ni ó ti ń wúkọ́? Ṣé ara rẹ̀ gbóná? Ṣé ó ń jẹun? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí dára, n kò sì tíì fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí mo ti fi méjì kún wọn: níbo ni ọmọ yìí ń sùn? Báwo ni ògiri ibẹ̀ ti rí? Kì í ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni mo ti kọ́ láti máa bèèrè báyìí. Inú ilé tèmi ni mo ti kọ́ ọ, owó ẹ̀kọ́ náà kò sì kéré.

BÍ A TI RA ILÉ WA

Èmi àti ọkọ mi fi owó jọ fún ọdún pípẹ́ kí a tó ra ilé kan lẹ́yìn Ọjà Tìmì. Ilé àtijọ́ ni, ilé alámọ̀ tí a fi símẹ́ńtì rẹ́ lójú, tí a fi páànù bò, irú èyí tí àwọn oníṣòwò kòkó kọ́ nígbà tí owó kòkó ń wọlé. Yàrá mẹ́jọ ni ó ní, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín. Ẹni tí ó tà á fún wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà funfun kùn ún ni. Oṣù kejì ọdún ni a lọ wò ó, nígbà tí ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán, gbogbo ògiri sì gbẹ táútáú. Inú wa dùn, a san owó, a sì kó wọ ibẹ̀ ní oṣù kẹrin.

Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, ògiri yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó kọ́kọ́ tutù bí ẹni pé a fi aṣọ tútù nù ún. Lẹ́yìn náà, ọ̀dà rẹ̀ wú bí ara tí iná jó, ó ń ṣí, ohun funfun bí iyọ̀ sì ń yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn àpótí aṣọ, níbi tí ojú kò tó, ohun dúdú kan tò wínníwínní sára ògiri, irú èyí tí a máa ń rí lára búrẹ́dì tí ó ti bu. Yàrá náà ń rùn bí aṣọ tí a ká pamọ́ kí ó tó gbẹ. A fọ ògiri náà, ó tún bu. A pe bíríkìlà kan. Ó ní kí a má ṣe ìyọnu, pé símẹ́ńtì líle ni yóò pa omi náà lẹ́nu mọ́. Ó rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri náà nípọnnípọn, a sì fi ọ̀dà olówó gọbọi kùn ún. Ó dán gbinrin. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí omi fi gùn kọjá ibi tí bíríkìlà rẹ́ dé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìbàdí àgbàlagbà.

Láàárín àkókò yìí, àbíkẹ́yìn mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lóru. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn ikọ́. Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ibà ni. Mo bá a wí pé omi tútù ni ó ń mu jù. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, ó lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ ìyá mi ní Òṣogbo. Ìyá mi ránṣẹ́ sí mi pé, "Ọmọ tí o ní ó ń wúkọ́ yìí, èmi kò gbọ́ ikọ́ kankan lẹ́nu rẹ̀ o." Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ó padà wá sí Ẹdẹ. Ní òru ọjọ́ Ajé, mo bá a lórí ìjókòó nínú òkùnkùn, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àyà rẹ̀ ń dún bíi fèrè, kò sì lè sọ gbólóhùn kan parí. Òru náà ni a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nígbà tí èémí rẹ̀ ti wálẹ̀ tán, dókítà yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá, níbo ni ọmọ yìí ń sùn?" Ojú tì mí. Gbogbo ohun tí ó yẹ kí n mọ̀ wà níwájú mi: ó ń wúkọ́ ní Ẹdẹ, kò wúkọ́ ní Òṣogbo. N kò fi wọ́n wé ara wọn.

OHUN TÍ Ọ̀RINRIN Ń ṢE SÍ ÈÉMÍ

Ohun dúdú tí ó máa ń wà lára ògiri yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ohun alààyè ni, ìbátan olú tí a ń ká nínú oko ni, kò sì lè yè láìsí omi. Bí ó bá ti rí ọ̀rinrin, yóò máa tú èso rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ bíi lẹ́búlẹ́bú, èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. A ó sì máa fà á símú. Imú ẹlòmíràn yóò kàn máa ṣomi ni, ojú rẹ̀ yóò sì máa yún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ikọ́ fée, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní asthma, ọ̀nà èémí rẹ̀ yóò fún, yóò sì wú. Bákan náà ni ọ̀rinrin máa ń mú kí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ń gbé inú tìmùtìmù àti ìrọ̀rí pọ̀ sí i, ìgbẹ́ wọn sì ń yọ oníkọ́ fée lẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a ń pè ní WHO, gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde ní 2009 lórí ọ̀ràn yìí nìkan. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tí ń gbé inú ilé tí ó rin máa ń wúkọ́ jù, èémí wọn máa ń há jù, ikọ́ fée wọn sì máa ń burú sí i. Àwọn ọmọdé, àwọn arúgbó, àti àwọn tí àìsàn mìíràn ti sọ ara wọn di aláìlágbára ni ó máa ń kọ́kọ́ kàn.

Kì í ṣe ní ilẹ̀ wa nìkan. Ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọkùnrin ọlọ́dún méjì kan kú ní oṣù kejìlá 2020. Ní oṣù kọkànlá 2022, aláṣẹ tí ń wádìí ikú sọ pé ohun bíbu tí ó bo ògiri ilé wọn, tí ọmọ náà sì ń fà símú fún ìgbà pípẹ́, ni ó ba èémí rẹ̀ jẹ́. Láti 2017 ni bàbá ọmọ náà ti fi ẹjọ́ ògiri yẹn sun. Èsì tí wọ́n fún un ni pé kí ó fi ọ̀dà kùn ún. Ikú ọmọ yìí mú kí ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin ní 2023 pé àwọn tí ń fi irú ilé bẹ́ẹ̀ háyà gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rinrin láàárín ọjọ́ tí a dá fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé gbogbo ikọ́ ka ògiri lórí. Ikọ́ tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ yẹ ara wò fún ikọ́ ife, èyí tí a ń pè ní TB. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bí ọmọ kékeré bá sì ń wúkọ́, ẹ ṣí aṣọ àyà rẹ̀ nígbà tí kò sunkún, kí ẹ ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọmọ oṣù méjì sí oṣù mọ́kànlá tí mímí rẹ̀ bá tó 50, tàbí ọmọ ọdún kan sí ọdún márùn-ún tí mímí rẹ̀ bá tó 40, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà. Bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọ inú nígbà tí ó bá mí, tí kò lè mu ọmú tàbí omi, tàbí tí ètè rẹ̀ bá yí àwọ̀ padà, ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀.

IBI TÍ OMI TI Ń WỌLÉ

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Omi pẹ̀lú ní ẹnu-ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé. Bàbá bíríkìlà kan tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tí ó máa ń wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò lọ́dọ̀ wa, ni ó fi ẹnu-ọ̀nà náà hàn mí. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi dé ilé. Ó fi ìka kan ògiri náà, ó ń dún bí igbá òfìfo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, bí egbò bá ní ọyún nínú, ṣé ẹ máa ń fi báńdéèjì dì í lójú báyìí náà?" Mo ní, "Rárá o, Bàbá, a ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́ ni." Ó ní, "Ohun tí ẹ ṣe sí ògiri yìí nìyẹn."

Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀nà mẹ́ta ni omi máa ń gbà wọ ilé. Ọ̀nà kìíní ni òkè: páànù tí ó ti dípẹtà níbi ojú ìṣó. Ọ̀nà kejì ni ilẹ̀. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀ bí òwú àtùpà ti ń fa epo, omi náà sì lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ọ̀nà kẹta ni inú ilé fúnra rẹ̀: èémí wa, omi tí a fi ń sè oúnjẹ, omi ìwẹ̀, àti aṣọ tútù tí a sá sínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa.

Ṣé amọ̀ wá burú ni? Kò burú rárá. Mọ́ṣáláṣí ńlá Djenné ní ilẹ̀ Mali, amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Láti 1907 ni èyí tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí ti dúró, àwọn ará ìlú sì máa ń fi amọ̀ rẹ́ ẹ lọ́dọọdún. Ní ilẹ̀ Haúsá, wọ́n máa ń fi omi èèpo èso igi tí a ń fi ṣe irú kun ògiri amọ̀ kí òjò má bàa fọ̀ ọ́. Àwọn baba wa náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: etí òrùlé wọn gùn, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò sì ń bọ́ sílẹ̀ jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri. Ògiri amọ̀ lè rin díẹ̀ lónìí, kí afẹ́fẹ́ sì fà á gbẹ lọ́la. Nígbà tí a bá wá fi símẹ́ńtì líle bò ó nínú àti lóde, a dà bí ẹni tí ó wọ aṣọ òjò rìn nínú oòrùn. Òógùn kò rí ọ̀nà jáde. Omi tí ó bá ti wọlé yóò máa gun òkè ni, títí yóò fi rí ibi tí yóò yọ sí. Èyí tí ó sì tún burú jù ni pé amọ̀ tí ó bá mu omi yó yóò tún padà di ẹrẹ̀. Ìdí nìyí tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi lè wó lu àwọn tí ń sùn nínú rẹ̀ lásìkò òjò, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ lè ṣì máa dán.

Nínú ilé tiwa, nǹkan mẹ́ta ni bàbá náà rí. Ẹni kan ti gé etí òrùlé kúrú nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ páànù. Ojú títì ti ga ju ilẹ̀ ilé lọ, nítorí pé bí wọ́n ti ń da ọ̀dà sí i léraléra ni ó ń ga sí i, gbogbo àgbàrá sì ń dà sí ẹsẹ̀ ògiri wa. Símẹ́ńtì tí a fi owó wa rẹ́ ni ó wá ti omi mọ́lé.

KÍ Ẹ TÓ SAN OWÓ ILÉ ÀTIJỌ́

Ẹ má ṣe ra ilé àtijọ́ nígbà ọyẹ́ láìjẹ́ pé ẹ tún rí i nígbà òjò. Nígbà ẹ̀rùn, gbogbo ògiri ni ó ń purọ́. Oṣù keje tàbí oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ lọ, ní ọjọ́ kejì òjò ńlá. Ẹ wọ inú yàrá tí wọ́n tì pa, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó ṣí fèrèsé. Ẹ sún àpótí àti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Ẹ wo àjà bóyá omi ti ya òrùka aláwọ̀ ilẹ̀ sí i. Ẹ fi ìka kan ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ sì wò ó bóyá ó yọ ikùn síta tàbí ó sán. Ibi tí ikán bá ti ń gùn, omi kì í jìnnà síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ògiri nìkan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹ bèèrè ìdí. Ẹ wo ibi tí àgbàrá ń gbà, ibi tí ṣáláńgá àti omi ìwẹ̀ wà, kí ẹ sì bi àwọn aládùúgbò léèrè, nítorí wọn kò ní ilé kankan tí wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí kò ná yín ju náírà díẹ̀ lọ. Ẹ gé ọ̀rá tí ó mọ́ gaara, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá ṣẹ́ sí ẹ̀yìn ọ̀rá náà, inú ògiri ni ó ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀rá ni ó ṣẹ́ sí, afẹ́fẹ́ inú ilé ni ó rin jù.

ÀTÚNṢE, Ọ̀KAN TẸ̀LÉ ÒMÍRÀN

Ìkínní, ẹ tún òrùlé ṣe, kí etí rẹ̀ sì gùn jáde dáadáa. Ìkejì, ẹ darí omi ilẹ̀. Ẹ wa ilẹ̀ ìta kúrò títí yóò fi relẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ ní ínṣì mẹ́fà ó kéré tán, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe wà á kọjá ìpìlẹ̀. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ojú ọ̀nà omi náà, kí ó dà gẹ̀rẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Ìkẹta, ẹ kó àgbá omi àti ibi ìwẹ̀ kúrò lẹ́bàá ògiri. Ìkẹrin, ẹ ha símẹ́ńtì kúrò níbi tí ó rin, kí ẹ sì kọjá ojú ibi tí omi gùn dé. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ amọ̀ ni kí ẹ pè, kí ó fi igi gbé ibi tí ó bá rọ̀ ró, nítorí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ìkarùn-ún, ẹ ní sùúrù. Odidi ẹ̀rùn kan, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, ni a fi fi ògiri tiwa sílẹ̀ ní ìhòòhò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi amọ̀ àti yanrìn tí a jọ̀ rẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ẹfun kùn ún dípò ọ̀dà tí ń dán. Bí ẹ bá fẹ́ fi yàrá titun kún ilé náà, kí bíríkìlà má ṣe gbàgbé DPC lórí ìpìlẹ̀, nítorí òun ni ó ń dí omi ilẹ̀ lọ́nà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ máa ṣí fèrèsé ọ̀tún àti òsì kí atẹ́gùn lè gba inú ilé kọjá. Ẹ gbé ibùsùn ọmọ kúrò lára ògiri ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ẹ sì máa sá tìmùtìmù sóòrùn.

ÌKÌLỌ̀

Bí ibi tí ó bu kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní ìbú àti ní gígùn lọ, ẹ lè fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ fúnra yín, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ bo imú àti ẹnu, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí oníkọ́ fée má sì sí nínú ilé ní ọjọ́ náà. Bí ẹ bá lo Jik tàbí Hypo, ẹ má ṣe pò ó mọ́ omi ìfọ-ilé-ìgbẹ́ tàbí oògùn ìfọlé mìíràn. Èéfín tí yóò ti inú rẹ̀ jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má ṣe dáná èédú nínú yàrá tí a tì pa nítorí kí ògiri lè gbẹ. Èéfín tí kò ní òórùn máa ń ti inú rẹ̀ jáde, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé wà níbi tí wọ́n ti ń ha ọ̀dà àtijọ́, nítorí òjé lè wà nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Bí àjà tàbí òrùlé ilé náà bá jẹ́ asbestos, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má sì ṣe fi ayùn gé e. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọmọ mi ti dàgbà díẹ̀ sí i báyìí. Ó ṣì ní ikọ́ fée, oògùn tí ó ń fà sínú láti ẹnu kò sì jìnnà sí ìrọ̀rí rẹ̀, nítorí títún ògiri ṣe kò lè rọ́pò oògùn. Ṣùgbọ́n òjò méjì ti rọ̀ kọjá láti ìgbà tí a ti tún yàrá náà ṣe, a kò sì tíì gbé e sáré lóru mọ́. Ògiri rẹ̀ kò dán bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn àlejò a sì máa bi wá léèrè pé ìgbà wo ni a ó fi ọ̀dà kùn ún. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án. Ó gbẹ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé tù wá lára.